Dókítà Fisher àti Àrùn Jẹjẹrẹ Ọmú

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, jẹjẹrẹ ọmú jẹ́ àrùn tí ń pani. Obìnrin ni ó ń mú jù, ṣùgbọ́n ó ń mú ọkùnrin nígbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí kókó yọ sí lọ́mú kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé, bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, wọn yóò gé ọmú náà. Wọ́n á fi í pamọ́ títí yóò fi di egbò. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn oníṣègùn kan tí iṣẹ́ rẹ̀ lè dín ẹ̀rù yìí kù.

Láyé àtijọ́, gígé náà pọ̀ gan-an. Ní ọdún 1894, Dókítà William Halsted, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ tí ó ń ṣe. Ó ń gé gbogbo ọmú àti ẹran àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó sì ń kó àwọn kókó abíyá kúrò. Ó rò pé jẹjẹrẹ dà bí gbòǹgbò koríko tí ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀. Bí a bá wa ilẹ̀ náà jìnnà, a ó hú u tán. Fún nǹkan bí 80 ọdún, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé. Àyà obìnrin náà á jìn wọnú, apá rẹ̀ sì lè máa wú. Síbẹ̀, àrùn náà ṣì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

A bí Dókítà Bernard Fisher ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1918. Oníṣẹ́ abẹ ni, ó sì tún ń ṣe ìwádìí. Ó rí i pé jẹjẹrẹ lè tètè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì lọ sí ibòmíràn nínú ara. Ó dà bí irúgbìn koríko tí afẹ́fẹ́ ti gbé kúrò nínú oko. Bí a tilẹ̀ wa gbogbo oko náà, ọkọ́ wa kò lè kan èyí tí ó ti lọ.

Ṣùgbọ́n kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ní ọdún 1971, òun àti àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára obìnrin tí ó lé ní 1,600. Wọ́n pín wọn bí ẹni ń ṣẹ́ kèké, kí ojúsàájú má baà wà. Wọ́n gé àwọn kan bíi ti Halsted. Wọ́n gé ọmú nìkan fún àwọn mìíràn. Lẹ́yìn ọdún 25, wọ́n rí i pé ẹ̀mí àwọn tí wọ́n gé púpọ̀ kò gùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Ní ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn fún àwọn tí kókó wọn kò tíì tóbi. Wọ́n gé gbogbo ọmú fún àwọn kan. Fún àwọn kan, wọ́n yọ kókó nìkan. Fún àwọn kẹta, wọ́n yọ kókó, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán sí ọmú náà. Wọ́n ṣọ́ obìnrin 1,851 fún 20 ọdún. Iye àwọn tí ó wà láàyè kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n láìsí ìtànṣán, àrùn padà sínú ọmú kan náà fún bí 39 nínú 100. Pẹ̀lú ìtànṣán, bí 14 péré ni.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ bínú sí Fisher. Kò yẹsẹ̀. Ó tún fi hàn pé oògùn tí a lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè lé àrùn tí ó ti lọ sí ibòmíràn. Ó kú ní ọdún 2019, ní ẹni ọdún 101.

Kì í ṣe gbogbo ọmú ni a lè dá sí. Bí kókó bá ti tóbi jù, wọ́n lè gé e. Ẹ̀rọ ìtànṣán kò sì sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tètè lọ ni ọ̀nà púpọ̀ ṣí sílẹ̀ fún.

Bí ẹ bá rí kókó, tàbí tí awọ ọmú bá ń sun jọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lórí ọmú, ẹ má dúró de ìrora. Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tètè lọ.

Ìbéèrè
1. Kí ni Halsted rò nípa jẹjẹrẹ? Kí ni Fisher rí?
2. Kí ni ìdí tí wọ́n fi pín àwọn obìnrin náà bí ẹni ń ṣẹ́ kèké?
3. Kí ni ẹ ó sọ fún ọ̀rẹ́ yín tí ó ń fi kókó pamọ́?