Orúkọ Kan, Ìtumọ̀ Mẹ́ta: Ọ̀jọ́ àti Ìbà Nínú Ẹ̀kọ́ àti Ìdánwò

Orúkọ ìlú kì í sábà fa àríyànjiyàn nínú ìdánwò, àfi níbi tí orúkọ kan ṣoṣo bá ń jẹ́ ti ìlú, ti oyè ọba àti ti ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀. Irú rẹ̀ ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé olùkọ́ tí kò bá ya àwọn ìtumọ̀ náà sọ́tọ̀ lè gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀.

(1) Ìlú. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè tẹ̀ lé àwo kan tí ó léfòó lórí omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹri. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àwọn ènìyàn náà ní Àwórì. Ní ìtumọ̀ yìí, ọ̀tọ̀ ni Ọ̀jọ́, ọ̀tọ̀ ni Ìbà.

(2) Oyè. ‘Oní’ ni a fi ṣẹ̀dá oyè ọba méjèèjì. Fáwẹ̀lì ‘i’ ni ó bẹ̀rẹ̀ Ìbà, nítorí náà ‘n’ dúró: Oníbà. Fáwẹ̀lì mìíràn ni ó bẹ̀rẹ̀ Ọ̀jọ́, ‘n’ sì di ‘l’: Ọlọ́jọ̀ọ́. Bí a bá kọ èyí láìfi àmì sí i, ‘Olojo’ tí í ṣe ọba kò ní yàtọ̀ sí ọdún Ọlọ́jọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí ‘ọjọ́’ wà nínú rẹ̀. Kí a sì kíyè sí i pé ààlà ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe ààlà oyè: ìlú Oníbà wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n èyí kò sọ Oníbà di ìjòyè Ọlọ́jọ̀ọ́.

(3) Ìjọba. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù. Ní 1989 ni a yọ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ kúrò lára ti Badagry. Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 ka Ọ̀jọ́ mọ́ 20 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá 37 mìíràn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di 57. Ìbà wà nínú àwọn tuntun náà. Ní oṣù Kejìlá 2004, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ìpínlẹ̀ lágbára láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tirẹ̀. Orúkọ tí a wá mọ̀ wọ́n sí ni Agbègbè Ìdàgbàsókè Ìbílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Òkókómáìkò. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ lè kọ ‘Òkókómáìkò, Ọ̀jọ́’ sára lẹ́tà. Kò sọ pé inú ìlú Ọ̀jọ́ ni òun ń gbé. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí.

Nígbà náà, bí a bá béèrè pé, ‘Ìjọba ìbílẹ̀ wo ni Ìbà wà?’, kí ni ìdáhùn? Ọmọ tí ó kọ ‘Ọ̀jọ́’ tẹ̀ lé Òfin Ìpìlẹ̀. Ọmọ tí ó kọ ‘Ìbà’ tẹ̀ lé pátákó tí ó ń rí lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìbéèrè ni ó ní àbùkù, kì í ṣe ọmọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a máa béèrè báyìí: (a) Kí ni oyè ọba ìlú Ìbà? (b) Nínú 20 tí Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kà, èwo ni Ìbà wà? (d) Agbègbè Ìdàgbàsókè wo ni a fi orúkọ ìlú náà pè ní 2003?

Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ó yẹ kí àwa tí ń dán ọmọ wò kọ́kọ́ mọ ẹni tí ìjánu náà wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìlú ni, ọba ni, tàbí ìjọba.