ÌGBÀ TÍ Ẹ̀RỌ ÌLỌ ŃFẸSẸ̀ ARA RẸ̀ WÁ SÓKO: OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ata lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ mọ ìjà tó máa ń wà níbẹ̀. Ìyá kan á ní kí wọ́n kọ́kọ́ fomi ṣan ẹ̀rọ kí wọ́n tó da toun sí i. Òmíì á dúró gbọin-gbọin, kò ní í lọ síbì kankan, kí wọ́n má lọ po ẹ̀wà ẹlẹ́wà mọ́ tiẹ̀. Wọn ò ya wèrè o. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bẹ́ẹ̀ náà làwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe láwọn ọdún 1960 àti 1970, àfi pé tiwọn tún lárà. Wọn kì í gbé ọkà lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ gan-an ló ń wá bá wọn lóko! Ẹ̀yìn lọ́rí ni wọ́n gbé e sí. Bedford wà lára àwọn lọ́rí tí wọ́n ń lò, Bedford kan náà tí àwọn baba wa kan pákó mọ́, tí wọ́n sọ di bọ̀lẹ̀kájà. Iléeṣẹ́ Vauxhall ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Luton lọ́dún 1931.

Bí lọ́rí náà bá ti dé, awakọ̀ á na páìpù gbọ̀ngbọ̀n sínú ọkà bálì, ẹ̀rọ á sì fà á mu bí ọmọdé ṣe ń fi sítírọ́ọ̀ fa mínírà. Òòlù irin wẹ́wẹ́ á máa yí bìrí-bìrí nínú ẹ̀rọ, wọ́n á lu ọkà náà títí tó fi máa gba ojú asẹ́ kọjá sínú àgbá tí wọ́n ti ń pò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi èròjà afáralókun kún un, nígbà míì ẹ̀wẹ̀, oje ìrèké dúdú tó ki. Ti ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀ sí ti màlúù, ti adìẹ náà yàtọ̀. Ariwo yẹn ń dini létí, eruku á sì sọ awakọ̀ di funfun báláú.

Ó ní àléébù tiẹ̀ náà. Ìyókù oko kan lè bá lọ́rí dé oko kejì, kó gbé àrùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ ọkà tó wọlé, ó sì mọ èyí tó jáde.

Nígbà tó yá, oúnjẹ ẹran inú àpò láti iléeṣẹ́ ńlá gbòde. Ta ló rí ohun tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀? Lọ́dún 1986 ni àṣírí tú: àrùn wèrè màlúù ti dé! Ẹran àti eegun ẹran tí wọ́n lọ̀ kúnná ló wà nínú oúnjẹ màlúù tí koríko tọ́ sí. Màlúù ń jẹ màlúù! Ìjọba fòfin dè é lọ́dún 1988, ṣùgbọ́n ní March 1996, wọ́n jẹ́wọ́ pé ó jọ pé ó ti ran èèyàn. Màlúù tó kó o ní Bìrìtìkó lé ní 180,000, èèyàn tó kú lé ní 170.

A ò sọ pé lọ́rí yìí ì bá dá a dúró o, eegun lè wà nínú èròjà tí àgbẹ̀ ń rà kún tiẹ̀ náà. Àmọ́ ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ lè béèrè pé, "Kí lẹ dà sí i yẹn?" Ta ni àpò tí wọ́n ti rán lẹ́nu fẹ́ dá lóhùn?

Irú lọ́rí bẹ́ẹ̀ ò tíì tán pátápátá níbẹ̀, tuntun ni wọ́n ń lò báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, bẹ́ ẹ bá gbé àgbàdo lọ lọ̀, ẹ má fi ọmọdé nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dúró tì í. Ẹni tó jẹ adìẹ ti jẹ ohun tí adìẹ jẹ o!