Ṣé Kí Fóònù Dúró Bí Álífù Ni, Tàbí Kí Ó Sùn Bí Báà?

Òkun o! Bẹ́ẹ̀ ni àwa ará Kábbà àti gbogbo agbègbè wa ṣe máa ń kí ara wa, ìkíni yìí náà ni àwọn ẹlòmíràn sì fi sọ wá lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó mú mi dákẹ́ níwájú opó kan tí èmi kò rí èsì fún. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń di fóònù mú ni, nígbà tí a bá fẹ́ fi ya fídíò. Ṣé kí a gbé e dúró ní òòró ni, tàbí kí a dá a dùbúlẹ̀ ní ìbú?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sórí ẹní ilé kéú rí mọ Álífù, ó sì mọ Báà. Álífù dúró ṣánṣán bí òpó ilé. Báà na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ bí ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéú mi nìyẹn: fóònù Álífù, fóònù Báà. Wọn a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé.

Ní oṣù ààwẹ̀ ọdún 2022, a ń ṣe tàfúsírì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ètò náà mọ̀ pé ènìyàn méjì ni ó máa ń ṣe é: Ajánàsí ni yóò ka Àlùkùránì, alùfáà ni yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń túmọ̀. Ajánàsí wa, àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi. Àwọn ọ̀dọ́ wá sọ fún mi pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Àbújá, ní Èkó àti ní òkè òkun ń fẹ́ máa wò wá. Mo ní kò burú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ wá, ó sì dá a dùbúlẹ̀ láti ya fídíò náà. Èmi ni mo sọ fún un pé, “Gbé e dúró, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni èmi máa ń rí i lójú fóònù tèmi.” Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, nítorí pé àgbà ni mo jẹ́ sí i, àti nítorí pé kò sí ẹni tí ń bá Àfáà jiyàn nínú ààwẹ̀. Odindi oṣù kan ni ó fi yà á bẹ́ẹ̀.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Ajánàsí fi kú. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Nígbà tí opó rẹ̀ jáde nínú opó ṣíṣe, ó wá bá mi, ó ní, “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bàbá àwọn ọmọ mi hàn mí níbi tí wọ́n ti ń ka Kùránì.” A ṣí àwọn fídíò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn olóògbé wà níbẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ojú mi hàn. Èmi, láwàní mi, fáànù tí ń yí lórí mi, àti aṣọ tí a tẹ́ sórí tábìlì. Fóònù tí ó dúró ní òòró ti ká òkè àjà àti ilẹ̀ mọ́, ó sì fi ẹni tí ó jókòó tì mí sẹ́yìn. Ní ibì kan péré ni ọmọ náà ti pààrọ̀ ọwọ́, tí fóònù sì fẹ̀gbẹ́ kan: ọwọ́ kan yọ, ó ṣí ìwé, ó sì pòórá kí ènìyàn tó wí Bísímílláhì tán. Ìyá náà ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, “Ṣé kò sí èyí tí ojú wọn hàn?” Èyí ni ìbéèrè tí mo ní èmi kò rí èsì fún.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tí mo kà kò jìnnà. Ọlọ́run Ọba tí ó dá wa fi ojú méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò to ọ̀kan lé èkejì lórí. Nítorí náà ni ohun tí ojú wa ń ká ní ìbú ṣe tó nǹkan bí 200 dígírì, nígbà tí ti òòró kò ju nǹkan bí 130 lọ. (Àwọn Mùsùlùmí kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ yìí o. Ibn al-Haytham, ọmọ Básírà tí ó ṣe iṣẹ́ ní Káírò, ti kọ ìwé ńlá lórí bí ojú ṣe ń ríran ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn.) Nígbà tí Dickson, tí ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà, fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àwòrán sinimá ní nǹkan bí ọdún 1892, ìbú ni ó fi ṣe é: bí ìbú bá jẹ́ 4, òòró a jẹ́ 3. Ìwọ̀n yìí ni tẹlifíṣàn jogún, òun ni a sì ń wò nígbà tí wọ́n dá tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Ti òde òní tilẹ̀ tún fẹ̀ sí i, 16 ní ìbú, 9 ní òòró.

Fóònù ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. A kò kọ́kọ́ ṣe fóònù fún wíwo sinimá. Etí àti ẹnu ni a ṣe é fún, nítorí náà òòró ni ó bá ọwọ́ mu. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ fídíò fi ń bú àwọn tí ń gbé e dúró, tí wọ́n ń pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n Snapchat dé ní 2011, Instagram bẹ̀rẹ̀ Stories ní 2016, WhatsApp ṣe Status tirẹ̀ ní 2017, TikTok sì gba ayé kan. YouTube pàápàá, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 pẹ̀lú fídíò oníbùú, bẹ̀rẹ̀ Shorts ní 2020. Ẹni tí a ń bú ti di ẹni tí a ń fara wé.

Nítorí náà, èmi kò ní sọ fún yín pé ìbú nìkan ni ó dára. Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí ẹ bá ya fídíò oníbùú, tí ẹnì kan sì ń wò ó lójú fóònù tí ó gbé dúró, àwòrán yín kò ní gba ìdá kan nínú mẹ́ta ojú fóònù náà. Ìyókù yóò dúdú lókè àti nísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì ya olóòró, tí ẹ gbé e sí ojú tẹlifíṣàn, bákan náà ni: òkùnkùn lọ́tùn-ún, òkùnkùn lósì, àwòrán tín-ín-rín láàárín. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tí ó ń gbọ́ wáàsí lórí WhatsApp, fídíò olóòró ni yóò fi rí ojú oníwáàsí. Ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀: kí ni ó wà níwájú mi? Níbo ni wọn yóò ti wò ó?

Ọmọ tí ó dá nìkan dúró ka Kùránì níbi wòlímà rẹ̀, Álífù ni. Oníwáàsí kan ṣoṣo, tí àwọn ènìyàn yóò wò lórí Status, Álífù ni. Ṣùgbọ́n àwa Mùsùlùmí, ní ẹ̀gbẹ́ ara wa ni a máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Sáfù tí a tò ní yídì, ẹ̀jìká sí ẹ̀jìká, bawo ni ẹ ó ṣe fi Álífù ká a? Nígbà tí a bá ń so yìgì, ẹbí ọkọ wà níhìn-ín, ẹbí ìyàwó wà lọ́hùn-ún, alùfáà sì wà láàárín. Bí ẹ bá gbé fóònù dúró, ẹbí kan yóò bínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrun tí a ń kí sí òkú lára. Bí ẹ bá sì gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja láti ya ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá fóònù yín dùbúlẹ̀, kí odò méjèèjì lè rí àyè.

Kí ẹ má sì ṣe rò pé ohun tí ó dúró ni ó máa ń tín-ín-rín nígbà gbogbo. Òfì tí àwọn ìyá wa ní Bùnú ń hun, dídúró ni, aṣọ tí ó fẹ̀ ni ó sì ń jáde níbẹ̀, títí kan aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ òkú àgbà. Òfì àwọn ọkùnrin ni ó dùbúlẹ̀, òun ni ó sì ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán pọ̀.

Ohun kan wà tí ó burú ju méjèèjì lọ: kí a bẹ̀rẹ̀ ní Álífù kí a sì yí i sí Báà láàárín ọ̀rọ̀. Ohun kan wà nínú fóònù tí ń mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ni ó ń pinnu, lẹ́yìn náà kì í sábà yí ìpinnu padà. Bí ẹ bá yí i, oníwáàsí yóò fi ẹ̀gbẹ́ sùn títí fídíò yóò fi parí. Ìdí kan náà ni fídíò wàláà tàbí ojú ìwé tí a tẹ́ sílẹ̀ ṣe máa ń dojú rú. Nígbà tí fóònù bá dojú bolẹ̀ pátápátá, kò mọ òkè mọ́. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì, kí ẹ tó dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Àwọn kan yóò bi mí bóyá ó tilẹ̀ tọ́ kí a máa ya fídíò nínú mọ́ṣáláṣí. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lọ́tùn-ún àti lósì. Èmi kò ṣí ìwé yẹn lónìí.

Nínú ààwẹ̀ tí ó kọjá yìí, fóònù méjì ni a lò. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní iwájú wa, èkejì dúró ní ọwọ́ ọmọkùnrin kan nítorí Status. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, mo máa ń ní kí wọ́n fi àwòrán èyí tí ó dùbúlẹ̀ hàn mí. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin náà wò ó títí, ó ní, “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ Ajánàsí díẹ̀ sí i. Ẹ̀gbẹ́ fìlà wọn kò tíì wọlé tán.” Mo dìde, mo sì sún àga mi.