Ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n fọwọ́ ṣe: Ẹ ka ọjọ́ kí ẹ tó ka owó

Bí ìdílé méjì bá ti fẹnu kò lórí ọjọ́ ìgbéyàwó báyìí, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ jókòó lé lórí ni owó gbọ̀ngàn, owó oúnjẹ àti owó olórin. Àwọn nǹkan bíi aṣọ òkè, abẹ̀bẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ orí tábìlì àti bí wọ́n ṣe máa di ẹrù ìyàwó, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń sún un sí. Nígbà tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan á ní, "Kí la tún fẹ́ máa náwó lé lórí? Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe é, yóò dín ìnáwó kù." Ibẹ̀ gan-an ni gbèsè máa ń gbà wọlé.

Kì í ṣe pé kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n fọwọ́ ṣe lè dín owó kù lóòótọ́, ó sì máa ń buyì kún ayẹyẹ ju ọjà tí gbogbo èèyàn ń rà lọ. Ṣùgbọ́n àkókò ni ẹ fi ń ra ẹ̀dínwó náà. Ẹni tí kò bá ní àkókò, owó ni yóò fi dí i, owó ọ̀hún sì lè ju iye tí ì bá fi ra èyí tó ti wà nílẹ̀ lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú aṣọ òkè, nítorí òun ló máa ń gba owó àti ọjọ́ jù. Ní Ìsẹ́yìn, tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí, àti ní Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún lórí òfì, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Bí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá fẹ̀ tó ínṣì 4, aṣọ tó máa fẹ̀ tó ínṣì 56 yóò gba 14, a kò tíì yọ èyí tí ojú rírán máa jẹ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ahunṣọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ kó yára.

Ká ní 40 obìnrin ló máa wé gèlè, tí wọ́n sì máa dá ìpèlé lé èjìká. Bí ahunṣọ kan bá ń fi ọjọ́ 2 parí gèlè àti ìpèlé ẹnì kan, iṣẹ́ ọjọ́ 80 nìyẹn. Bí ahunṣọ 4 bá pín in ṣe, ọjọ́ 20 ni. Ẹ yọ ọjọ́ ìsinmi kúrò, ẹ yọ ọjọ́ tí ara kò yá àti ọjọ́ tí wọ́n bá lọ síbi ìnáwó tiwọn, ó ti tó oṣù kan. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ahunṣọ yín iye tó lè hun lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi ṣírò tiyín. Ẹni tó bá ní òun lè parí ti 40 èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bi í pé èèyàn mélòó ló wà lórí òfì rẹ̀.

Nípa òwú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ ra gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ aró òwú tí ẹ rà lónìí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ máa rà lóṣù tó ń bọ̀, orúkọ kan náà ni wọn ì báà máa pè é. Lójú fọ́tò, ìyàtọ̀ yẹn kì í fara pamọ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ. Sányán àtijọ́, òwú tí wọ́n ń rí lára kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ún. Lóde òní, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta sányán ń tà fún èèyàn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn bí owó rẹ̀ bá bá a mu, ẹ sáà má san owó ti ìgbàanì fún ti ìsinsìnyí.

Àwọn mìíràn ń fi àdìrẹ ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì tàbí kí wọ́n fi dí ẹ̀yìn ibi tí ìyàwó máa jókòó sí. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ rà á. Oòrùn ni alábàáṣiṣẹ́ aláàdìrẹ. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ya ọnà sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí aṣọ tó wọ inú aró, wọ́n á sì máa rì í, wọ́n á máa sá a, títí tí àwọ̀ yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe ìgbéyàwó lásìkò òjò gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lé ọjọ́ tí aláàdìrẹ bá dá.

Wàyí o, ti abẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀bùn kéékèèké tí wọ́n ń pín fún àlejò. Èyí làwọn ọmọ ìyá àti ọ̀rẹ́ ìyàwó sábà máa ń sọ pé àwọn máa fọwọ́ ara àwọn ṣe. Bí abẹ̀bẹ̀ kan bá gba ìṣẹ́jú 20, tí àlejò sì jẹ́ 300, ìṣẹ́jú 6,000 ni, ìyẹn wákàtí 100. Bí èèyàn 5 bá ń jókòó fún wákàtí 4 ní gbogbo Sátidé, Sátidé 5 gbáko ni wọ́n máa lò. Ṣé gbogbo wọn máa wá ní Sátidé karùn-ún? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fi irú iṣẹ́ yìí ṣòwò, ìṣirò kan náà ló kàn yín, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín sì ti ń pàdánù. Ká ní páálí, aṣọ àti gọ́ọ̀mù abẹ̀bẹ̀ kan jẹ́ ₦500. Ẹ wá fún oníbàárà ní ₦600, ẹ ní ẹ jèrè ₦100. Ta ló san owó ọwọ́ yín? Bí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ bá ń gba ₦4,000 fún wákàtí 8, ìṣẹ́jú 20 rẹ̀ tó ₦167. Ẹ fi bíi ₦33 sí i nítorí àwọn tó máa bàjẹ́, ó di ₦700 kí èrè tó wọ ibẹ̀ rárá. Lórí abẹ̀bẹ̀ 300, ẹ ti fi ₦30,000 tọrẹ fún oníbàárà, owó ọkọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tó jẹ́ pé iye ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà.

Ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀ ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní owó tó pọ̀ nílẹ̀. Bí ohun tí ẹ san kò bá tó ra òwú, yóò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn, yóò fi owó onítọ̀hún ra òwú tiyín, yóò sì tún máa wá ẹni tó máa ra ti onítọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí owó àkọ́kọ́ tó ra gbogbo òwú. Kí ẹ san ìkejì nígbà tí ẹ bá fojú ara yín rí ìdajì iṣẹ́, kí ẹ sì san ìyókù nígbà tí ẹ bá gba ẹrù yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye, fífẹ̀, gígùn, ọjọ́, kí ẹ sì so òwú díẹ̀ mọ́ ìwé náà kí àríyànjiyàn má baà wà lórí àwọ̀.

Fún ìgbéyàwó oṣù Kejìlá, tí ọwọ́ gbogbo oníṣẹ́ máa ń kún, ó yẹ kí òwú ti délẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, kí aṣọ kúrò lórí òfì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí télọ̀ lè rí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tirẹ̀ lò. Ẹ gba gbogbo èkù aṣọ padà lọ́wọ́ télọ̀. Òun lẹ máa fi yí etí aṣọ tábìlì po, tí ẹ máa fi bo abẹ̀bẹ̀ àwọn àgbà, tí ẹ sì máa fi di ìdí iṣu àti ìgò oyin inú ẹrù ìyàwó dípò ríbọ́ọ̀nù tí ẹ bá máa rà. Ìmọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu géètì lọ́ṣọ̀ọ́ nìkan ni kì í dúró de èèyàn: àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni kí wọ́n gé e, torí yóò ti rọ bó bá sùn mọ́jú.