Ìròyìn Agogo Mẹ́sàn-án Alẹ́

Bí wọ́n bá ní kí o kọ àròkọ aláàlàyé nípa ìtàn ohun kan, kọ́kọ́ sọ ìdí tí nǹkan náà fi wáyé, lẹ́yìn náà bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí o tó sọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan nìyí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí wà nídìí bí tẹlifíṣọ̀n ṣe dé Nàìjíríà. Ní ọdún 1953, gómìnà òyìnbó, Sir John Macpherson, bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wí lórí rédíò. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fèsì, wọn kò gbà. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Arábìnrin Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn rí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Enúgù, Kàdúná àti Èkó ní tiwọn.

Nígbà náà, ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ń ka ìròyìn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun kó gbogbo wọn sábẹ́ àṣẹ kan, òfin ọdún 1977 sì fi ìdí NTA múlẹ̀. Bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ìròyìn kan náà ni gbogbo ibùdó rẹ̀ ń gbé jáde, láti Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀, láti Àbújá lẹ́yìn náà.

Àwọn olùka ìròyìn wá di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀: Bọ̀dé Alálàdé, Sienne Allwell-Brown, Ruth Benamaisia, àti lẹ́yìn wọn, Cyril Stober àti Eugenia Abu. Ohùn wọn já gaara, ìmúra wọn bójú mu. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé àwọn nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn oníròyìn ló ń wá ọ̀rọ̀ kiri, olóòtú ló ń yàn án tí ó sì ń tún un ṣe, kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Jóga-Orílé, a máa ń péjọ síwájú tẹlifíṣọ̀n kan tí ó ń lo bátìrì mọ́tò. Èmi ni mo máa ń túmọ̀ ìròyìn náà sí Yorùbá fún àwọn àgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá kan bi mí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ yìí ló ni ọ̀rọ̀?” N kò rí èsì fọ̀. Ìjọba ló ni ilé iṣẹ́ náà, ohun tí ìjọba fẹ́ ni a sì ń gbọ́ jù.

Òfin ọdún 1992 ló fún àwọn aládàáni láyè. Channels bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995. Lónìí, ìròyìn pọ̀ lórí fóònù ju iyanrìn lọ. Síbẹ̀, ìbéèrè bàbá yẹn kò tíì kú. Bí o bá gbọ́ ìròyìn, tí ohùn ẹni tí ó kà á dùn, béèrè ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, kí o sì gbọ́ tẹnu ẹnì kejì kí o tó dájọ́.