Jíjù Tí Wọ́n Bàjẹ́ Tí Ìwé Kì Í Kà

Lára ohun tó máa ń rú òǹwòran bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lójú, yálà ó jẹ́ ọmọ àdúgbò Anglo Jos nílùú Jos tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ Plateau Peaks tàbí ẹni tó ń wo eré Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n, ni pé bí agbábọ́ọ̀lù bá fò sókè láti jù, tí alátakò gbá a lọ́wọ́, tí bọ́ọ̀lù sì tàsé àwọ̀n, ìwé àkọsílẹ̀ kò ní sọ pé ó ju ohunkóhun. Bí bọ́ọ̀lù náà bá wọlé láìka ìgbálọ́wọ́ sí, wọ́n á kọ ọ́ pé ó jù, pé ó sì wọlé, wọ́n á tún fi jíjù ọ̀fẹ́ kan kún un, ìyẹn jíjù láti ẹ̀yìn ìlà kan níwájú àwọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí lọ́wọ́.

James Naismith ló dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ṣùgbọ́n kò sí jíjù ọ̀fẹ́ nínú òfin mẹ́tàlá tó kọ. Ìjìyà ìgbà náà ni pé bí ikọ̀ kan bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra kí ikọ̀ kejì tó ṣẹ̀ rárá, a ó ka góòlù kan fún ikọ̀ kejì. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì yóò jáde títí góòlù mìíràn yóò fi wọlé. Ẹni tí wọ́n gbá lọ́wọ́ gan-an kò rí nǹkan kan gbà. Ọdún 1894 ni jíjù ọ̀fẹ́ dé, ọdún kejì sì ni wọ́n fa ìlà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 15 tó wà títí di òní, síbẹ̀ ikọ̀ lè yan ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá jùlọ kó máa bá gbogbo wọn jù ú, bí ẹni pé àbúrò ni wọ́n lù, tí ẹ̀gbọ́n wá ń gba owó ìtanràn. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni èyí fi ń bẹ lọ kí òfin ọdún 1924 tó sọ pé ẹni tí a ṣẹ̀ ni yóò jù ú fúnra rẹ̀, ó sì yani lẹ́nu pé wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lábẹ́ òfin FIBA, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, jíjù tí wọ́n bàjẹ́ nínú ìlà àmì mẹ́ta ń fúnni ní jíjù ọ̀fẹ́ méjì, ti ìta ìlà náà sì ń fúnni ní mẹ́ta. Akọ̀wé eré yóò kọ P2 tàbí P3 sí iwájú orúkọ ẹni tó ṣẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ karùn-ún yóò lé e kúrò lójú eré. Fún góòlù tó wọlé, akọ̀wé yóò fa ìlà dídábùú kan gba orí iye àmì tí ikọ̀ ní, ṣùgbọ́n fún jíjù ọ̀fẹ́ tó wọlé, yóò fi bíírò kun àmì róbótó dúdú sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè fi ojú lásán rí ìgbà tí eré di líle nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí a kì í fi ka jíjù tí ìgbálọ́wọ́ mú tàsé ni pé a kò lè fi àṣìṣe ẹlòmíràn dín iye ẹni kù. Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó tó gba àmì 26,946 nínú ìdíje NBA ní Amẹ́ríkà, wọ àwọ̀n ní ìdá 51.2 nínú 100, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn jíjù rẹ̀ tó tàsé nítorí fáwùlù nínú ìṣirò yẹn. Ti jíjù ọ̀fẹ́ rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, ó jẹ́ 71.2. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ìdá àkọ́kọ́ nìkan jiyàn lórí fóònù kì í sábà rántí èyí.

Lójú pápá àdúgbò tí kò ní akọ̀wé, ẹni tí a ṣẹ̀ ló sábà ń pe fáwùlù fúnra rẹ̀, wọ́n á dá bọ́ọ̀lù padà fún un lókè pápá láìsí jíjù ọ̀fẹ́, bí àwọn méjèèjì kò bá sì gbà fún ara wọn, àwọn tó ń dúró de ìpele tiwọn lè dá ẹjọ́ náà.