Àtúnṣe sí Ohun Ìdarí Iná Mànàmáná ní Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀

Àkíyèsí fi hàn pé ẹ̀rọ amúlétutù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi nígbà tí owó iná ọ́fíìsì bá ga. Ìdajì òtítọ́ ni. Ohun tí ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà, ìyẹn súwíṣì àti tẹ́mósítáàtì, ni ó ń pinnu iye wákàtí tí yóò fi jẹ iná.

Olùkọ́ ni ó wà nídìí tẹ́mósítáàtì oníná tí ó wà fún yàrá. Warren Johnson ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Whitewater, ní Amẹ́ríkà, kí ó tó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1883. Ohun tí ó fẹ́ ni kí yàrá máa darí ìgbóná ara rẹ̀, kí olùtọ́jú ilé má baà máa já wọ kíláàsì.

Ní Mọ́níyà, Ìyànà-Ọ̀fà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Akánrán, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, iná tí kì í dúró ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di líle. Iná lè lọ ní aago 12 ọ̀sán. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń ti ilẹ̀kùn ní aago 4, kò sí ohun tí yóò rán an létí pé súwíṣì ṣì wà ní títàn. Bí iná bá dé ní aago 8 alẹ́, ẹ̀rọ àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí yóò gbéra fúnra rẹ̀, yóò sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí àga òfìfo títí di aago 8 òwúrọ̀. Bí ó bá ń jẹ yúnítì 1 ní wákàtí kan, tí ó sì ń sinmi fún ìdajì àkókò náà, yúnítì 6 ti lọ. Ní náírà 225 tí àjọ NERC fi lé yúnítì kan fún àwọn oníbàárà Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 1,350 nìyẹn, ní òru kan, ní yàrá kan. Ewu pé ilé lè jóná kò sí nínú ìṣirò yìí.

Kò dìgbà tí a bá ra ẹ̀rọ tuntun. Kọ́ńtákítọ̀ oníbọ́tìnnì tí a fi sí ẹnu wáyà àwọn ẹ̀rọ amúlétutù yóò já nígbà tí iná bá lọ. Kò sì ní padà gbé iná àfi bí ènìyàn bá tún tẹ̀ ẹ́. Táímà náà wúlò, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní bátìrì kò dára fún ibi tí iná ti ń ṣe ségesège: aago rẹ̀ yóò máa dúró bí iná bá ti lọ, títí tí yóò fi máa pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án, tí yóò máa tàn án lóru. (Àwọn òṣìṣẹ́ a sì já a dànù pé ó ti bàjẹ́!) Ní ti tẹ́mósítáàtì, yíyí i dé òpin kì í mú yàrá tètè tutù. Agbára kan náà ni ẹ̀rọ àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Kò kàn ní sinmi ni.

Oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ nídìí kọ́ńtákítọ̀. Ẹni tí yóò máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yàn.